Kí Ni Kí N Fi Kun Ìrókò Ẹ̀yìnkùlé Mi?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni agolo mẹ́rin fi wà lójú fèrèsé ilé ìdáná mi. Fánìṣì ló wà nínú àkọ́kọ́, ọ̀dà aláwọ̀ eérú nínú èkejì, òróró igi tí kò ní àwọ̀ nínú ẹ̀kẹta, òróró tí wọ́n po àwọ̀ pupa rúsúrúsú díẹ̀ mọ́ nínú ẹ̀kẹrin. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo ń wò wọ́n. Bí mo bá dìde lóru láti mu omi, ibẹ̀ náà ni ojú mi ń lọ.

Ọ̀rọ̀ fàráńdà onípákó tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Manchester ni. Ẹni tó ni ilé kí á tó rà á ló kàn án, òun náà ló fi fánìṣì kùn ún títí tó fi ń dán gbinrin. Dídán yẹn wà lára ohun tó wọ̀ mí lójú lọ́jọ́ tí a wá wo ilé. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti ń bó bí awọ ejò. Ibi tó bó dúdú, ibi tí kò tíì bó wú bí ìléròrò. Bí òjò bá rọ̀, òjò Manchester kì í sì í jìnnà, nǹkan aláwọ̀ ewé kan á bo ojú pákó, á máa yọ̀ bí ilá. Àbíkẹ́yìn mi yọ̀ ṣubú níbẹ̀ nínú oṣù Kejì, ó fi àgbọ̀n gbá etí àtẹ̀gùn. Eegun kò fọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ta sára aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lójú mi.

Mo pe oníṣẹ́ kan. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi ọ̀dà tó nípọn bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, pé fún ọdún mẹ́wàá mi ò ní í ronú kàn án mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mí lóminú. Kí ló dé tí inú mi fi dùn tó báyìí pé mi ò ní í ronú kan ohun tó jẹ́ tèmi?

Lábẹ́ dídán

Ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, mo mú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń họ ọ̀dà, mo kúnlẹ̀ ti àtẹ̀gùn, mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń bá jà. Mo ti irin náà bọ abẹ́ fánìṣì níbi tó ti là. Ó ṣí lódidi, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Omi wà lábẹ́ rẹ̀. Òjò ti dá láti ọjọ́ mẹ́rin, oòrùn sì ti ń ràn láti àárọ̀, síbẹ̀ ojú igi tí fánìṣì bò tutù, ó dúdú, ó ń rùn bí aṣọ tí a ká pa mọ́ kó tó gbẹ. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó wọlé.

Mo wá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo na ọwọ́ sí abẹ́ pákó kan náà, níbi tí ẹni tó kùn ún kò dé. Ibẹ̀ gbẹ. Ó le. Mo fi irin kàn án, ó dún kó. Òótọ́ ni pé òjò kì í lu abẹ́ pákó bó ṣe ń lu òkè rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè mú ìyẹn sọ. Ṣùgbọ́n mo lọ họ àwọn ibòmíràn lókè níbi tí fánìṣì ti ká kúrò pátápátá láti ọdún tó kọjá, tí òjò ti ń lù ú ní tààrà. Àwọ̀ ibẹ̀ ti di eérú, kò wuni í wò, ṣùgbọ́n igi ibẹ̀ le ju ti abẹ́ fánìṣì lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Igi kì í dúró sójú kan. Bó bá mu omi, á wú. Bó bá gbẹ, á sún kì. Fánìṣì tó ti gbẹ kò lè máa bá a wú kó tún máa bá a sún kì títí ayé, torí náà á là. Etí pákó ni yóò ti kọ́kọ́ là, àti ìdí ìṣó, àti ibi tí pákó méjì ti pàdé. Omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Oòrùn náà ń ṣe tirẹ̀: fánìṣì tó mọ́ gaara ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá lọ bá igi, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ń ba lignin jẹ́, ohun tó so àwọn okùn tínrín inú igi pọ̀ bí ẹni fi àtè lẹ̀ wọ́n. Bí ojú igi bá ti kú báyẹn, fánìṣì kò rí ibi tó yè dì mú mọ́.

Ohun tó ń mú igi jẹrà kò lè ṣe é láìsí omi. Bí omi inú igi kò bá tó ìdá 20 nínú 100, igi náà kò ní jẹrà. Ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń béèrè ni pé báwo ni omi kò ṣe ní í wọlé. Omi yóò wọlé. Ohun tó yẹ ká máa béèrè ni ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ilé iṣẹ́ ìwádìí igi ti ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Madison, ní Wisconsin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé fún pákó ìta tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ohun tó ń wọ inú igi lọ sàn ju ohun tó ń di awọ lé e lórí. Ọ̀dà tí oníṣẹ́ yẹn fẹ́ kùn ì bá bo gbogbo dúdú náà mọ́lẹ̀. Ì bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ omi tó ti wà nínú ilé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Orúkọ tí ọkùnrin náà pè

Mo gé ẹ̀là kékeré kan láti abẹ́ àtẹ̀gùn, mo gbé e lọ sí ilé ìtajà pákó kan lẹ́yìn ìlú, kí n lè mọ irú igi tó jẹ́. Páínì ni mo rò pé ó jẹ́. Baba òyìnbó kan tó ti darúgbó ló wà nídìí káńtà. Ó yọ ọ̀bẹ, ó ha ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú. Àwọ̀ tó yọ jáde lábẹ́ eérú náà dà bí oyin. Kò wo ìwé kankan. Ó ní, “Iroko.”

Mo ní kí ó tún un pè. Ó tún un pè bí òyìnbó ṣe ń pè é, “Áyí-róò-kò.” Mo sọ fún un pé orúkọ tó ti ìlú mi wá nìyẹn, pé ìrókò là ń pè é. Ó gbìyànjú ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n to pákó sí, ó ń fi ìka kan ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn: idigbo, opepe. Ó ní nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, afara pọ̀ níbẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, òpèpè sì ni wọ́n ń rì sínú omi nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ èbúté. Láti ọmọdé ló ti ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò mọ̀. Èmi náà ti ń tẹ ìrókò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mi ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ó wọ̀ mí lára. Nílé, àwọn àgbà kì í ṣàdédé gbé àáké lé ìrókò. Olúwéré ń gbé inú rẹ̀; a máa ń róṣọ funfun mọ́ ọn nídìí. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú gba orí òkun lọ sí Bahia àti Cuba, wọn kò bá igi náà níbẹ̀. Orúkọ ni wọ́n gbé dání, wọ́n sì wá igi tó tóbi tó láti gbé e lé: gameleira ní Brazil, ceiba ní Cuba. Ìrókò ṣì ń gba ẹbọ nídìí àwọn igi yẹn dòní. Ní Manchester, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Igi gan-an ló sọdá, orúkọ sì bá a wá, àwa tí a ni orúkọ ni a kò dá a mọ̀ lábẹ́ fánìṣì.

Baba náà fún mi ní ìmọ̀ràn tó wúlò kí n tó lọ. Ó ní ìrókò wà lára àwọn igi tó ń lálòpẹ́ jù níta, pé bí mo bá fẹ́, mo lè họ fánìṣì náà kúrò kí n má fi ohunkóhun kùn ún mọ́, á kàn di àwọ̀ fàdákà. Kì í ṣe àsọdùn. Àwọ̀ eérú tó ń bo igi tí a fi sílẹ̀ níta kò jinlẹ̀. Igi rírọ̀ bíi páínì pàápàá, bíi mílímítà 6 péré ni òjò àti oòrùn ń jẹ lójú rẹ̀ láàárín 100 ọdún. Ohun tó dá mi dúró ni ẹsẹ̀ ọmọ mi. Pákó tí a kò tọ́jú ń mu omi yára, ó ń pẹ́ gbẹ, ewédò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá Káfíńtà

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe àbúrò bàbá mi ní Ìbàdàn. Bàbá Káfíńtà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ń ra igi ní ọjà pákó Bódìjà. Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù kí wọ́n tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mo wá gbé kámẹ́rà sún mọ́ pákó.

“Ìrókò ni,” wọ́n sọ kí n tó lanu. “Ta ló fi fánìṣì pa á báyìí?”

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n wá ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò, kí n fi pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí igi òrùlé nílé mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òun àti Solignum ni wọ́n fi ń lé ikán. Mo ní, “Bàbá, àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹ̀, wọ́n ń jókòó sí i, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ sínú ilẹ̀ tí mo gbin ẹ̀fọ́ sí.” Wọ́n ronú díẹ̀. “Òótọ́ ni. Òkè àjà ni tiwa máa ń wà, kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e. Má lò ó.”

Wọ́n wá bi mí bóyá òrùlé wà lórí fàráńdà náà. Mo ní kò sí. Wọ́n mí kanlẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń gbẹ́ òpó sí, abẹ́ òrùlé ni òpó ń gbé. Mo rántí òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, èyí tó wà ní Chicago báyìí, nínú ilé ọnà ìlú náà. Ó kun òpó náà ní onírúurú àwọ̀, ṣùgbọ́n òrùlé ló kọ́kọ́ dá òjò dúró fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ fàráńdà tuntun, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ ra agolo kankan: òrùlé bó bá ṣeé ṣe, àlàfo láàárín pákó méjì kí omi lè ṣàn wálẹ̀, àti afẹ́fẹ́ lábẹ́.

Nígbà tí mo ka agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn, wọn kò bèèrè iye owó. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, “Ta ni yóò máa padà sí i?”

Mo ní, “Bàbá, ohun tí mi ò ní í padà sí ni mò ń wá.”

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Wọ́n ní, “Igi kò ní irú ẹ̀, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó rántí nǹkan, wọ́n ní, “Ilẹ̀kùn bàbá rẹ náà wà níbẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti lọ.”

Agolo kẹrin

Òróró aláwọ̀ díẹ̀ ni mo mú. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ yékéyéké, torí ọ̀pọ̀ yín ló ń gbé nínú ilé tó ní irú fàráńdà yìí. Òróró kì í di awọ, kò sì sí ohun tí yóò bó. Bó bá ti ń lọ, ńṣe ló ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó fọ pákó, ẹ ó jẹ́ kó gbẹ, ẹ ó tún fi òmíràn pa á, láìhọ ohunkóhun. Àwọ̀ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń dí oòrùn lọ́wọ́. Òróró tó mọ́ gaara kò lè ṣe ìyẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Lọ́dọọdún, tàbí ọdún méjì-méjì níbi tí oòrùn kò pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Àbùkù yẹn gan-an ni mo wá gbà tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìparí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi họ fánìṣì. Mi ò lo ẹ̀rọ tó ń fipá tu omi, nítorí ó ń ya ojú igi ní fọ́nrán-fọ́nrán. Mo fi sáńpépà nọ́ńbà 60 bẹ̀rẹ̀, mo sì dúró ní 80 tó kúnná díẹ̀ jù ú lọ. Bí ẹ bá fá a kó dán jù, òróró kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo ìbomú. Eruku ìrókò ń ta awọ ara, ó ń ta ọ̀nà ọ̀fun. Mo sín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì rántí aṣọ tí Bàbá Káfíńtà máa ń so mọ́ imú ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tí àwa ọmọdé rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Páínì tí wọ́n ti fi oògùn sí ni ọ̀pọ̀ fàráńdà yín. Bó bá jẹ́ pé ṣáájú 2004 ni wọ́n kàn án, ó ṣeé ṣe kí arsenic, tó jẹ́ májèlé, wà nínú oògùn náà. Òpin 2003 ni wọ́n jáwọ́ nínú lílò ó fún ilé gbígbé. Ẹ má fi sáńpépà ha irú pákó bẹ́ẹ̀, ẹ má sì dáná sun ún láéláé. Fífi ohun tó ń wọ inú igi pa á déédéé ń dín èyí tó ń jáde sára èèyàn kù.

Ìrókò ní òróró ti ara rẹ̀, èyí tó lè má jẹ́ kí òróró tuntun tètè gbẹ, torí náà mo fi sípírítì nu gbogbo ojú rẹ̀ kí n tó kùn ún. Mo dúró de ọjọ́ tí òjò kò sí, tí ìgbóná ti kọjá ìwọ̀n 10 ní Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tí oòrùn sì ti yí kúrò lórí pákó. Mo fi burọ́ṣì pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Etí pákó níbi tí wọ́n ti gé e ni mo pẹ́ sí jù, ibẹ̀ ló ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi àkísà nu èyí tí igi kò gbà mọ́. Àkísà yẹn, ẹ má ká a jọ sínú garawa, torí òróró tó ń gbẹ ń mú ooru jáde, àkísà tí a ká jọ lè gbiná fúnra rẹ̀. Mo tẹ́ tèmi sórí kọ́ńkéré níta títí ó fi gan.

Ìgbà tí òróró àkọ́kọ́ wọlé, àwọ̀ ìrókò jáde. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó. Ó dà bí ìgbà tí màmá mi bá fi òrí pa wá lẹ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí ẹsẹ̀ tó ti funfun bí eérú á tún padà di ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń retí kí òrí àná tó tòní. Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń pè wá jókòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀kùn náà

Ọdún mẹ́fà ni mi ò tíì dé ilé. Mi ò fi màmá mi sílẹ̀ láìtọ́jú, gbogbo ẹbí ló lè jẹ́rìí. Mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn. Mo gbé sólà sórí òrùlé. Mo gba ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn sè, mo yí òrùlé padà sí èyí tó nípọn, mo sọ fún oníṣẹ́ náà pé èyí tí yóò lo ogún ọdún ni mo fẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sanwó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tán, ara máa ń tù mí, mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé, “Ìyẹn ti kúrò nílẹ̀.” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́nu ara mi, nípa ilé tí ìyá mi ń gbé.

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Àwa tí a wà lókè òkun ń ra ọ̀dà ọdún mẹ́wàá fún àwọn tí a fi sílẹ̀, iṣẹ́ sì ń fi agbára dè wá mọ́lẹ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe kékeré. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo ti fi èékánná tẹ igi tó wà lábẹ́ dídán, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Mo pe màmá mi, mo bèèrè ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù sí i kí n rí i. Ilẹ̀kùn ìrókò ni, bàbá mi fúnra wọn ló ra pákó rẹ̀ ní Bódìjà, Bàbá Káfíńtà ló kàn án. Ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí. Fánìṣì rẹ̀ ti bó láti ìdajì dé ìsàlẹ̀, níbi tí òjò ti máa ń ta sí i, ibẹ̀ sì dúdú bí èyí tí mo bá lábẹ́ àtẹ̀gùn mi. Màmá mi ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún ọmọbìnrin yẹn kó má máa fi omi nù ún.

Mo sọ fún Bàbá Káfíńtà pé mò ń bọ̀ ní Kérésì, kí wọ́n bá mi wá sáńpépà sílẹ̀. Wọ́n ní rárá. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ òróró kó tó gbẹ, gbogbo iṣẹ́ á ṣòfò. Kí n jẹ́ kí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, kí n sì dé kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

Ìparí oṣù Kejì ni mo gba tíkẹ́ẹ̀tì sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo gbà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá mi ti ń bi mí ohun tí mo fẹ́ jẹ.